Ta Ni Ó Wúwo Jù? Ìṣòro Wíwọn Ipò Ẹ̀dá Ìtàn Nínú Lítíréṣọ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Kò sí olùkọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá kan nínú wa tí kò tíì bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ léèrè rí pé ta ni olú ẹ̀dá ìtàn inú ìwé tí wọ́n kà. Ìbéèrè náà rọrùn láti bi. Ó sì rọrùn láti fún ní máàkì, nítorí orúkọ kan ṣoṣo ni a sábà máa ń kọ sílẹ̀ fún olùyẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ọmọ tí ó bá kọ orúkọ náà gba máàkì rẹ̀. Ọmọ tí ó bá kọ òmíràn pàdánù. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi àwa olùkọ́ pàápàá pé òṣùwọ̀n wo ni a lò tí a fi mọ̀ pé ẹ̀dá ìtàn kan ju èkejì lọ, ẹnu wa kì í kò. Àwọn kan yóò ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ jẹ yọ jù lọ ni. Àwọn kan yóò ní ẹni tí ó bá ènìyàn púpọ̀ pàdé ni. Àwọn mìíràn yóò ní ẹni tí ó gba ipò gíga jù ni, ọba tàbí ìjòyè.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti yẹ irú àwọn òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n gan-an. Iṣẹ́ méjì ni a ó fi dán wọn wò. Èkíní ni ìtàn Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, ìtàn àtẹnudẹ́nu tí àwa tí a ń kọ́ni ní Iyere ń bá lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa kí a tó kọ́ wọn ní ohunkóhun. Èkejì ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tí ó jáde ní 1938. Èrò wa ni pé òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kò tó, àti pé ìbéèrè tí a kò bá sọ òṣùwọ̀n rẹ̀ kò yẹ kí ó gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí ó ronú.

Àwọ̀n, Ojúko àti Okùn

Ọgbọ́n tí a fẹ́ lò yìí kì í ṣe tiwa. Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìwádìí nípa àjọṣe ẹ̀dá ni a ti yá a. Àwọn akẹgbẹ́ wa tí wọ́n kọ́ ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì yóò rántí Jacob Moreno, ẹni tí ó tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 1934. Ó bi àwọn ọmọ ilé-ìwé pé ta ni wọ́n fẹ́ kí ó jókòó tì wọ́n nínú kíláàsì. Ó fi àmì róbótó kan dúró fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì fa ilà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yàn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a yàn. Nígbà tí àwòrán náà parí, ojú lásán ni olùkọ́ fi rí ọmọ tí ọ̀pọ̀ ń yàn àti ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò yàn.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ àwọ̀n apẹja. Ibi tí okùn ti so pọ̀ lára àwọ̀n ni a ó máa pè ní ojúko. Bí a bá fi èyí wo ìtàn, ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojúko. Àjọṣe tí ó wà láàárín ẹni méjì, ìbáà jẹ́ ìbátan, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́, ìbáà jẹ́ ìjà, ni okùn. Ìbéèrè wa wá di èyí: ojúko wo ni ó ṣe pàtàkì jù lára àwọ̀n náà? Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ fi ń dáhùn.

Ọ̀nà kìíní ni iye okùn. Ẹni tí okùn púpọ̀ so mọ́ ni ó wúwo jù. Bí ìlú méjì bá wà, tí ọ̀nà mẹ́rin wọ ọ̀kan, tí ọ̀nà kan ṣoṣo sì wọ èkejì, ìlú ọlọ́nà mẹ́rin ni òṣùwọ̀n yìí yóò gbé ga.

Ọ̀nà kejì ni ìsúnmọ́. Níhìn-ín, iye ìṣísẹ̀ tí ó wà láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn yòókù ni a ń kà. Ẹni tí àròpọ̀ ìṣísẹ̀ rẹ̀ bá kéré jù ni ọ̀rọ̀ ń tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun náà ni ó sì lè tètè rán ọ̀rọ̀ ká. Alex Bavelas àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n ṣe ìwádìí lórí èyí ní Amẹ́ríkà láàárín 1948 sí 1951. Nínú ìwádìí tí Harold Leavitt ṣe ní 1951, wọ́n fi ènìyàn márùn-ún sí àyè wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí ara wọn. Nígbà tí wọ́n tò wọ́n kí gbogbo ìwé máa gba ọwọ́ ẹnìkan kọjá, ẹni náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn pè ní olórí nígbà tí iṣẹ́ parí. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ọgbọ́n orí rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di olórí. Ibi tí wọ́n fi í jókòó sí ni.

Ọ̀nà kẹta ni ìṣalárinà, èyí tí Linton Freeman ṣe àlàyé rẹ̀ yékéyéké ní 1977. Níhìn-ín, a kò béèrè iye ẹni tí ènìyàn mọ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé bí ẹni méjì tí kò mọ ara wọn bá fẹ́ bá ara wọn pàdé, ṣé ọ̀dọ̀ ẹni yìí ni ọ̀nà wọn ti gbọ́dọ̀ kọjá? Àwọn baba wa mọ òṣùwọ̀n yìí dáadáa. Òwe wọn sọ pé bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò sí okùn láàárín ọkọ àti ìyàwó, alárinà ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí okùn ti so báyìí, ipò rẹ̀ tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì mọ àwọn méjèèjì síbẹ̀. Iye okùn rẹ̀ kò dín. Ìṣalárinà rẹ̀ ni ó dín.

Ọ̀nà kẹrin ni kí a wo bí àwọn tí ènìyàn so mọ́ ti wúwo tó. Phillip Bonacich gbé e kalẹ̀ ní 1972. Irú ìrònú yìí kan náà ni àwọn tí wọ́n dá Google sílẹ̀ lò ní 1998 láti to ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì: ojú ewé tí àwọn ojú ewé pàtàkì bá tọ́ka sí ni ó ń di pàtàkì. Bí a bá rántí àwọn ìlàrí ní ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, òṣùwọ̀n yìí kò ní ṣàjèjì sí wa. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n Aláàfin ni okùn wọn so mọ́. Nítorí náà ni ọlọ́lá fi ń bẹ̀rù wọn.

Ìtàn Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n

Bí a ti ń sọ ọ́ ní Ọ̀wọ̀, Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n jẹ́ aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Kì í ṣe ènìyàn lásán, ẹbọra ni. Ọba fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn aya rẹ̀ yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀: a kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, ẹni tí ó ti oko dé kò sì gbọdọ̀ ju igi ìdáná sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ jowú, wọ́n da èèwọ̀ náà lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n fi ààfin sílẹ̀, kò sì padà mọ́. Igbó Lájà ni a ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ibi tí gèlè rẹ̀ kù sí. Nítorí rẹ̀ ni a fi ń ṣe ọdún Igogo lọ́dọọdún nínú oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ọdún náà ń gbà. A kì í lu ìlù nígbà náà, agogo ni a ń lù. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a sì di irun bí obìnrin. Igbó Lájà yìí kan náà ni Ekpo Eyo ti wú àwọn ère alámọ̀ jáde ní 1971, tí orúkọ Ọ̀wọ̀ fi kàn káàkiri láàárín àwọn onímọ̀ nípa ohun àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojúko márùn-ún ya àwọ̀n ìtàn yìí: Ọlọ́wọ̀, Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, àwọn orogún, tí a kà sí ọ̀kan, àwọn ará ìlú, tí a kà sí ọ̀kan, àti ayé àwọn ẹbọra. Okùn mẹ́fà ni a lè fà. Ọlọ́wọ̀ so mọ́ Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, ó so mọ́ àwọn orogún, ó sì so mọ́ ará ìlú. Àwọn orogún so mọ́ Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, wọ́n sì so mọ́ ará ìlú tí wọ́n ti wá. Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n nìkan ni ó so mọ́ ayé àwọn ẹbọra.

Bí a bá ka iye okùn, Ọlọ́wọ̀ ní mẹ́ta, Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n ní mẹ́ta, àwọn orogún náà ní mẹ́ta. Òṣùwọ̀n kìíní kò lè ya wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá ka ìṣísẹ̀, àròpọ̀ ti Ọlọ́wọ̀ jẹ́ márùn-ún, ti Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n jẹ́ márùn-ún, ti àwọn orogún jẹ́ márùn-ún. Òṣùwọ̀n kejì náà kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wọn ìṣalárinà, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti ayé àwọn ẹbọra dé ọ̀dọ̀ ọba, dé ọ̀dọ̀ àwọn orogún, dé ọ̀dọ̀ ará ìlú, kò sí ọ̀nà tí kò gba ọ̀dọ̀ Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n kọjá. Ó gba máàkì mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́wọ̀ tàbí ọ̀dọ̀ àwọn orogún ni a lè gbà láti ọ̀dọ̀ Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, tàbí láti ayé àwọn ẹbọra, dé ọ̀dọ̀ ará ìlú. Nítorí náà wọ́n pín in, ìhà kọ̀ọ̀kan sì gba máàkì kan péré.

Akẹgbẹ́ wa kan lè sọ pé okùn wà láàárín Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n àti ará ìlú pẹ̀lú, pé ará ìlú ni ó ń ru igi bọ̀ láti oko. A gbà fún un. Kí a fa okùn keje náà. Máàkì ìṣalárinà Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n ṣì jẹ́ mẹ́ta; ti Ọlọ́wọ̀ àti ti àwọn orogún ni ó di òdo. Bí a ti wù kí a ya á, obìnrin yìí nìkan ni afárá tí ó so ìlú mọ́ ayé kejì.

Kí ni èyí fi hàn wá nípa ìtàn náà? Ó fi hàn wá ìdí tí ìlú fi ń ṣọ̀fọ̀ ẹnìkan ṣoṣo lọ́dọọdún, tí ó sì jẹ́ pé ẹni náà kì í ṣe ọba, kì í ṣe jagunjagun, kì í ṣe ẹni tí ó tẹ ìlú dó. Bí ọba bá wàjà, a ó fi ọba mìíràn jẹ. Ojúko náà kò ní ṣófo. Bí aya kan bá kú, àwọn orogún rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n lọ, okùn kan já tí kò sí ẹni tí ó lè so ó. Ọdún Igogo ni ìlú fi ń di ojú ibi tí okùn náà ti já. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé Ọlọ́wọ̀ ni olú ẹ̀dá ìtàn nítorí pé òun ni ọba ti wọn ipò àwùjọ. Kò tíì wọn ìtàn.

Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wá mú òṣùwọ̀n wọ̀nyí lọ sínú ìwé tí òǹkọ̀wé kan jókòó kọ. Kò sí ẹni tí yóò bá wa jiyàn pé Àkàrà-ògùn ni ó wúwo jù nínú Ògbójú Ọdẹ. Ìṣòro wà nínú bí a ó ṣe fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ wo ìrìn-àjò sí Òkè Láńgbòdó. Àkàrà-ògùn, Kákò, Ìmọ̀dòye, Ọlọ́hùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ̀-ọdẹ, Èfọ̀ìyẹ̀ àti Aramada-òkùnrin jọ rìn. Ẹni méje ni wọ́n. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ àwọn mẹ́fà yòókù. Okùn mọ́kànlélógún ni ó wà láàárín wọn. Bí a bá dúró síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ju ẹnìkan lọ. Ọmọ tí ó bá kọ orúkọ Kákò, tí ó sì ní nítorí pé ó bá gbogbo wọn rìn ni, kò purọ́.

Ìgbà tí a bá yọ ojúko kúrò ni òótọ́ máa ń jáde. Bí a bá yọ Kákò, ẹgbẹ́ àwọn ògbójú ṣì dúró, bí agbára wọn tilẹ̀ dín. Bí a bá yọ Àkàrà-ògùn, àwọn ìrìn-àjò tí ó ti dá rìn ṣáájú kò ní ẹni tí yóò so wọ́n mọ́ ti Òkè Láńgbòdó mọ́. Agbako dá wà níhìn-ín, àwọn ògbójú dá wà lọ́hùn-ún. Òun ni okùn tí ó gba inú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí kọjá.

Ṣùgbọ́n ojúko mìíràn wà tí a kì í sábà ka sí rárá. Òun ni akọ̀wé tí a kò dárúkọ, ẹni tí bàbá àgbàlagbà náà wá bá, tí ó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó sì máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Okùn rẹ̀ kò pọ̀. Kò wọ inú igbó, kò bá iwin kankan jà. Bí a bá fi iye okùn wọ̀n ọ́n, yóò wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀, àwọn èrò tí wọ́n pé jọ gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa òǹkàwé kò gbọ́ ọ. Kò sí ẹ̀dá inú igbó náà kan tí ó dé ọ̀dọ̀ wa láìgba ọwọ́ Àkàrà-ògùn, kí ó sì tún gba ọwọ́ akọ̀wé yìí. Nínú ìṣalárinà, Àkàrà-ògùn ni ìkíní, akọ̀wé ni ó tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Gbogbo wa ni a ti rí ìwé ìdáhùn tí ọmọ ti kọ ọ́ pé Fágúnwà bá Agbako jà. Ohun tí ó fa àṣìṣe náà ni pé “èmi” méjì ni ó wà nínú ìwé náà, “èmi” akọ̀wé àti “èmi” Àkàrà-ògùn, ọmọ náà sì ti sọ ojúko méjì di ọ̀kan, ó tún wá so òǹkọ̀wé mọ́ wọn. Bí olùkọ́ bá ti ya àwọ̀n yìí sójú pátákó láti ọjọ́ kìíní, tí ó fi òǹkọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá, a kò rò pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ yóò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àléébù Àwọn Òṣùwọ̀n Yìí

A kò gbọdọ̀ torí pé a rí irinṣẹ́ tuntun kí a sọ irinṣẹ́ àtijọ́ nù. Franco Moretti lo irú àwòrán yìí lórí eré Hamlet ti Shakespeare nínú iṣẹ́ kan tí ó tẹ̀ jáde ní 2011. Ó yọ Hamlet kúrò, ó yọ àwọn ẹlòmíràn, ó sì rí i pé Horatio, tí àwọn lámèyítọ́ kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀, di ojúko pàtàkì. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ gbà pé okùn tí òun fà kò ní ìwúwo, kò sì fi ìhà tí ọ̀rọ̀ ń gbà lọ hàn. Ẹni tí ó sọ gbólóhùn kan àti ẹni tí ó sọ ẹgbẹ̀rún, bákan náà ni okùn wọn rí.

Àléébù yìí kan àwa náà. Nínú àwòrán Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, okùn ìfẹ́ ni ó so ó mọ́ ọba, okùn owú ni ó so ó mọ́ àwọn orogún rẹ̀. Òǹkà wa kò mọ ìfẹ́ yàtọ̀ sí owú, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ yẹn ni ìtàn náà. Bákan náà, ìparí ìrìn-àjò ni a tó pàdé Ìrágbèjé nínú ìwé Fágúnwà. Bí a bá yọ ọ́, àwọn ẹ̀dá ìtàn yòókù kò ní já kúrò lára ara wọn. Síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ìwé náà ti jáde, fún odidi ọjọ́ méje. Òǹkà okùn kò lè wọn ìwúwo ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni ìyẹn, kò sì sí àwòrán tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, àwa ni a ń pinnu ohun tí a ó pè ní okùn. Bí olùkọ́ méjì bá ya àwọ̀n ìwé kan náà, tí ọ̀kan ka ìpàdé ojúkojú nìkan, tí èkejì ka ìbátan ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, àwòrán wọn kò ní bára mu. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, bí olúkúlùkù bá ti sọ ohun tí ó kà.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ àti Olùyẹ̀wò

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ fi lọ ẹgbẹ́ wa. Ní kíláàsì, kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ ya àwọ̀n ìtàn kọ̀ọ̀kan fúnra wọn kí ó tó sọ ẹni tí ó wúwo jù fún wọn. Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì tó fún iṣẹ́ náà. Kò gba owó, kò gba ẹ̀rọ. Kí wọ́n máa pa ojúko rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa sọ ohun tí ó já.

Nínú ìdánwò, kí a yé bi ìbéèrè tí kò ní òṣùwọ̀n. Dípò “Ta ni olú ẹ̀dá ìtàn?”, kí a béèrè pé, “Yan ẹ̀dá ìtàn kan, kí o sì ṣàlàyé ohun tí yóò bàjẹ́ nínú ìtàn yìí bí kò bá sí.” Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣeé há sórí láti inú ìwé àkọ́sórí.

Nínú máàkì fífún, kí púpọ̀ nínú máàkì wà fún ẹ̀rí, kí díẹ̀ wà fún orúkọ. Ọmọ tí ó kọ orúkọ tí a ń retí láìsí àlàyé kò yẹ kí ó ju ọmọ tí ó yan akọ̀wé inú Ògbójú Ọdẹ lọ, tí ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti inú ìwé. A mọ̀ pé èyí yóò mú kí iṣẹ́ olùyẹ̀wò le sí i. Ìwé ìdáhùn pọ̀, àkókò kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá ń torí ìrọ̀rùn tiwa fìyà jẹ ọmọ tí ó ronú, ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n má ronú mọ́.

Ìkádìí

Nínú iṣẹ́ yìí a ti gbé òṣùwọ̀n mẹ́rin kalẹ̀: iye okùn, ìsúnmọ́, ìṣalárinà, àti ìwúwo àwọn tí ènìyàn so mọ́. A ti fi ìtàn Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n hàn pé òṣùwọ̀n méjì lè ka ẹni mẹ́ta sí ọgbọọgba níbi tí ẹ̀kẹta ti rí ìyàtọ̀ gedegbe. A ti fi ìwé Fágúnwà hàn pé ẹni tí okùn rẹ̀ kò pọ̀ lè jẹ́ ẹni tí gbogbo ìtàn gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. A sì ti sọ ibi tí agbára àwọn òṣùwọ̀n náà mọ. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí olùyẹ̀wò tó fa igi pupa sí ìdáhùn ọmọ, kí ó kọ́kọ́ wò bóyá ọ̀nà mìíràn ni ọmọ náà gbà wọ ọjà kan náà.